Mo fẹ́ máa kọ lẹ́tà sí ẹnìkan tó wà lẹ́wọ̀n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iléṣà ni mò ń gbé, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ kí àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀ kò tọrọ ọṣẹ, kò tọrọ gàrí. Ó ní ṣé a lè bá òun wá ẹni tí yóò máa kọ lẹ́tà sí òun. Wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀ o.

Mo mú bírò, mo kọ "Ọmọ mi ọ̀wọ́n", mo tún fà á ya. Ìgbà wo ni mo bí i?

Mo mọ̀ pé àwọn wọ́dà máa ń ka lẹ́tà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ìyẹn ò dùn mí. Àmọ́ àdírẹ́sì ilé mi ni kí n lò ni, àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì? Àbúrò mi obìnrin tó wà n'Ífẹ̀ ní bí mo bá fi lè kọ ti ilé, òun ò ní lè sùn mọ́. Tí ọmọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó ńkọ́? Ṣé ó yẹ kí n bi í léèrè ohun tó gbé e débẹ̀, àbí kí n dúró títí yóò fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ máa ń kọ gan-an? Bí mo bá sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà Atákúnmọ́sà, ṣé inú rẹ̀ yóò dùn, àbí ńṣe ni yóò máa ṣàárò ilé?