Ta ló ń sọ ènìyàn di gbajúmọ̀: ilé-iṣẹ́ ni, àbí àwa òǹwòran?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìròyìn béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan ni mo ń ṣe lórí òkìkí àti ilé-iṣẹ́ ìròyìn, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti dojú rú fún mi ni èrò Theodor Adorno àti Max Horkheimer, àwọn ọmọ Jámánì méjèèjì tí wọ́n sá fún ìjọba Hitler lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ èrò wọn sílẹ̀ ní Los Angeles, nítòsí Hollywood gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Wọ́n ní orin, sinimá àti rédíò ti di ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń tò jáde bí wọ́n ṣe ń to mọ́tò, àti pé òǹwòran tó rò pé òun ló yan ẹni tí òun fẹ́ràn, wọ́n ti bá a yàn án tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé owó lágbára nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi láti gbà pé gbogbo ẹni tó ń sunkún nígbà tí olórin kan kú jẹ́ ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Ṣé tíọ́rì yìí ṣì dúró, àbí àwọn tó dé lẹ́yìn ti bì í wó? Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ àpẹẹrẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Òǹkàwé Ìtàn Sinimá dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì sọ pé ó ti wó, nítorí ìtàn bí òṣèré sinimá ṣe kọ́kọ́ di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà gbè é lẹ́yìn gidigidi. Ṣáájú ọdún 1910, ilé-iṣẹ́ sinimá Biograph kì í dárúkọ àwọn òṣèré rẹ̀ fáyé gbọ́, nítorí ẹni tí ayé bá mọ orúkọ rẹ̀ lè béèrè owó púpọ̀ sí i. Obìnrin kan wà láàárín wọn, Florence Lawrence, tí àwọn òǹwòran ti dá ojú rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n Ọmọbìnrin Biograph lásán ni wọ́n ń pè é. Carl Laemmle, oníṣòwò sinimá mìíràn, fà á wá sí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ìròyìn ń jà ràn-ìn ní ìlú St. Louis pé ọkọ̀ ti pa á, Laemmle sì gbé ìpolówó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1910 pé irọ́ gbáà ni, pé ó wà láàyè, pé sinimá rẹ̀ tuntun sì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Laemmle fúnra rẹ̀ ló hun ìròyìn ikú náà. Nígbà tí obìnrin náà dé St. Louis, èrò ya bò ó. Ní àsìkò tó máa fi kú ní 1938, ipa kéékèèké ni wọ́n ń fún un nínú sinimá, ó sì dùn mí púpọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló parí.

Ẹ tún wo iṣẹ́ Leo Lowenthal, ẹlẹgbẹ́ Adorno, tó jáde ní 1944. Ó yẹ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn wò nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà méjì, Saturday Evening Post àti Collier's, láti 1901 sí 1941. Ní ìbẹ̀rẹ̀, olóṣèlú àti oníṣòwò ńlá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó yá, òṣèré àti eléré ìdárayá ló gba ojú ìwé, ohun tí wọ́n sì ń kọ nípa wọn ni oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn àti bí wọ́n ṣe ń gbafẹ́.

Olùgbọ́ Rédíò dáhùn:

Mo fara mọ́ ìtàn tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe ni ẹ sọ fún wa. Ẹ kò sọ ohun tí òǹwòran fi í ṣe. Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó ṣe olórí ibùdó ìmọ̀ àṣà ní Yunifásítì Birmingham, ṣàlàyé ní 1973 pé kò di dandan kí ìtumọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ èyí tí òǹwòran yóò gbà: ẹlòmíràn á gbà á bó ṣe wà, ẹlòmíràn á mú díẹ̀ á sì bá ìyókù jiyàn, ẹlòmíràn á sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Olùwádìí kan, David Morley, lọ dán èrò yìí wò pẹ̀lú Nationwide, ètò tẹlifíṣọ̀n BBC kan, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980. Àwọn alákòóso báńkì kò rí ohun tó burú nínú àlàyé ètò náà lórí ọ̀rọ̀ ajé. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ pé ẹ̀yìn àwọn agbanisíṣẹ́ ni ètò náà wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kò tilẹ̀ bá a jiyàn; wọ́n ní kò kan àwọn. Kí ẹ má sì rò pé ipò lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló pín wọn, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ sún mọ́ èrò àwọn alákòóso báńkì. Ètò kan náà ni gbogbo wọn wò.

Àgbà Olùkọ́ dáhùn:

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù nígbà tó ń kọ́ nípa oríkì, kọ ọ́ ní 1981 pé ọ̀nà kan náà ni òrìṣà àti ẹni ńlá ń gbà tóbi láàárín àwa Yorùbá: àwọn tó yí wọn ká ló ń gbé wọn ga, bí àwọn wọ̀nyẹn bá sì yẹ̀yìn, ọlá wọn á wọmi. Àwọn baba wa ti sọ pé bí ènìyàn ò bá sí, imalẹ̀ ò sí. Ẹni tó bá ti wà lóde ijó jùjú rí mọ ohun tí mo ń wí. Olórin á dárúkọ olówó, á ki bàbá rẹ̀, olówó á dìde, á máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, gbogbo agbo á sì máa wò wọ́n. Ojú gbogbo ayé ni ìdúnàádúrà yẹn ti ń wáyé, n kò sì rí ẹni tí wọ́n tàn jẹ níbẹ̀.

Lórí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì, owó náà kò hàn sí agbo mọ́. Dallas Smythe, ọmọ Kánádà, kọ ọ́ ní 1977 pé àwa òǹwòran gan-an ni ọjà tí ilé-iṣẹ́ ìròyìn ń tà fún àwọn tó ń polówó. Lónìí, YouTube ló ń ka iye àwa tí a wo olórin kan, òun ló ń gba owó ìpolówó, òun ló sì ń pinnu ìpín tó máa kan olórin. Adorno kan òǹwòran lábùkù ju bó ṣe yẹ lọ, Hall sì gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran tilẹ̀ gbọ́n bí Ọ̀rúnmìlà, wọ́n ṣì ń tà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìròyìn:

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé bí àwọn olólùfẹ́ bá kẹ̀yìn sí gbajúmọ̀ kan, agbára á padà sọ́wọ́ wọn?

Àgbà Olùkọ́:

Ní ti gbajúmọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lè já a lulẹ̀, a sì ti rí i. Ní ti ilé-iṣẹ́ tó ń kà wọ́n, rárá, nítorí ẹni tó wá bú u àti ẹni tó wá yìn ín, wíwò àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kà pọ̀, tí wọ́n sì ń tà. Ibẹ̀ ni kí o gbé iṣẹ́ rẹ kà.