Ìmọ̀ràn: tẹlifíṣọ̀n tuntun mi ń sọ fíìmù di fídíò

OmoArometa: Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra tẹlifíṣọ̀n 4K, ínǹṣì 55. Bọ́ọ̀lù dùn ún wò lórí rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi fíìmù sí i, ṣe ló máa ń dà bíi fídíò ìgbéyàwó, àwọn èèyàn á kàn máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Kí ni kí n yí pa dà? Ẹ̀ẹ̀kejì, bàbá mi fi kásẹ́ẹ̀tì VHS eré Yorùbá àtijọ́ sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá náwó gbé wọn sórí fíláṣì, ṣé wọ́n á mọ́ kedere lórí tẹlifíṣọ̀n yìí?

BabaKamera: Àbúrò, ojú rẹ ò tàn ọ́. Àwòrán 24 ni fíìmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò tiwa láyé àtijọ́, 50 ni, àwòrán aláàbọ̀ aláàbọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn lojú wa ti mọ̀ láti kékeré: 24 ni ti sinimá, 50 ni ti ìròyìn àti òde àríyá. Tẹlifíṣọ̀n rẹ wá ń ṣe àwòrán tí kámẹ́rà ò yà, ó ń fi há àárín àwọn 24 náà. Kálukú ló ní orúkọ tó sọ ọ́: Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity lórí Samsung, TruMotion lórí LG, Motionflow lórí Sony. Wọ ibi Picture, pa á. Tí o bá rí Filmmaker Mode níbẹ̀, òun gan-an ni kí o mú. Tom Cruise pàápàá jáde lórí Twitter ní December 2018, ó ń bẹ aráyé kí wọ́n pa nǹkan yìí.

IyaIbeji_London: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ kó pa á pátápátá. Tí kámẹ́rà bá ń yí láti ọ̀tún sósì, àwòrán máa ń já pátì pátì, orí á sì máa fọ́ ọkọ mi. LG ni tiwa. A fi De-Judder, tó wà nínú TruMotion, sí 2 nínú 10, ara tù wá.

BabaKamera: Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín. Ẹni tórí ń fọ́, kó fi sí 2. Àmọ́ kó kọ́kọ́ fún ojú rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ná.

Ìṣípòpadà nìkan kọ́ o. Mo ti gbé kámẹ́rà fídíò ká òde àríyá fún ọ̀pọ̀ ọdún, léèsì funfun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Tí ìyàwó bá dúró sínú oòrùn, kámẹ́rà fídíò ìgbà yẹn á sọ léèsì náà di funfun báláú, ihò ara rẹ̀ ò ní hàn mọ́. Fíìmù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń rọra ṣá lórí rẹ̀ ni, wàá ṣì máa ka ihò léèsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn hóró kéékèèké tó ń mì bí iyanrìn lójú fíìmù, má fi Noise Reduction pa wọ́n. Tó o bá pa wọ́n, awọ ojú èèyàn á dà bí ike.

Onisinima: Lórí kásẹ́ẹ̀tì, ohun tí wàá kọ́kọ́ bi ara rẹ ni pé kí ni wọ́n fi ya eré náà. VHS ò gbé ju nǹkan bí ìlà 240 lọ, 4K ní 2160. Kò sí owó tó lè fi èyí tó kù kún un. Ṣùgbọ́n orí fíìmù ni wọ́n ya Àjàní Ògún ní 1976 àti Aiyé ti Hubert Ògúndé ní 1979. Kásẹ́ẹ̀tì irú wọn, ẹ̀dà lásán ni. Inú négátíìfù, ìyẹn fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà nígbà tí wọ́n ń ya eré, ni àwòrán gidi wà, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè tún un yọ lónìí kó mọ́ ju ti HD lọ. Àwọn tí wọ́n fi fídíò yà látìgbà tí fíìmù ti wọ́n jù, ibi tí wọ́n mọ́ dé náà nìyẹn. Síbẹ̀, tètè gbé gbogbo wọn sórí fíláṣì, nítorí kásẹ́ẹ̀tì ń jẹrà.

OmoArometa: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pa á lálẹ́ àná láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi wọlé, ó wò ó díẹ̀, ó ní: “Ṣé sinimá lò ń wò ni?”