Ọmọ ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ ò tíì yọ lẹ́nu rẹ̀: kí la lè ṣe nílé?

Ìyá Ọmọ, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọkùnrin ni, ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò ju mẹ́jọ lọ, ó sì máa ń gbọ́ tá a bá ní kó gbé bàtà wá. Àwọn kan ní ká fi Yorùbá sílẹ̀, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún un. Àwọn mìíràn ní ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀, ká fara balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀, ta la sì máa lọ bá?

Oníṣẹ́ Etí, Birmingham
Ìyá wa, etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó kan ahọ́n. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n bí i kò tó. Ọmọ lè gbọ́ràn ketekete lọ́jọ́ náà, kí omi wá dúró sẹ́yìn awọ ìlù etí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fìnkìn méjì mẹ́ta. Glue ear ni wọ́n ń pè é níbí. Ó lè má dun ọmọ rárá, kò sì ní sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á máa dún létí rẹ̀ bíi ti ẹni tó ri orí sómi. Lónìí á gbọ́, lọ́la kò ní gbọ́, ìdí nìyẹn táwọn òbí fi ń rò pé orí kunkun ló ń ṣe.

Ti bàtà yẹn, ẹ tún un ṣe lọ́nà mìíràn. Ẹ sọ ọ́ láì nàka, láì wo ibi tí bàtà wà, lásìkò tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde. Ọmọ gbọ́n, ojú yín ló lè máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan nígbà tó bá ń ṣeré, kẹ́ ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pe nǹkan tó fẹ́ràn. Ẹ má jẹ́ kó rí òjìji yín. Kódà bó bá yíjú, ẹ ṣì ní kí GP (dókítà àdúgbò yín) tàbí health visitor (nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọmọdé ládùúgbò) kọ ìwé àyẹ̀wò etí fún un, torí tilé yìí kò lè rí ohun tí ẹ̀rọ máa rí.

Bó bá jẹ́ glue ear, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá lọ, wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sínú awọ ìlù etí, tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ní báyìí ná, ẹ máa sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Àǹtí Speech, Leeds
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu, gbígba ọ̀kan kúrò kò sì ní mú èkejì yá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé òbí tí Gẹ̀ẹ́sì kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ á wá máa fi "stop" àti "come" darí ọmọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ á sì pàdánù àlọ́, ẹ̀fẹ̀ àti oríkì tí ì bá máa gbọ́. Ti pé ọkùnrin ni náà kì í ṣe ìdí láti dúró. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin, kò tó ohun tí à ń fi ọdún kan dúró dè.

Ẹ kó ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó kà wọ́n. "Bye-bye" ọ̀kan. "Mẹ̀ẹ̀" tó ń pe ewúrẹ́, ọ̀kan. "Mi" tó ń lò fún omi nígbà gbogbo, ọ̀kan. Lọ́mọ ọdún méjì, à ń retí nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50, àti kó máa so méjì pọ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ ló ní lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kà á báyìí, ẹ pe GP tàbí health visitor yín lọ́sẹ̀ yìí.

Yorùbá gan-an rọ ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ wa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì lé ara wọn. Ẹ gbé "mu" sẹ́gbẹ̀ẹ́ "drink", ẹ ó rí i. Ẹ mú ọ̀rọ̀ 10 péré fún ọ̀sẹ̀ méjì: wá, gbé, mu, bọ́, ṣí, tán, omi, ajá, bàtà, bọ́ọ̀lù. Èyí tó ní m tàbí b ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ètè la fi ń pè é, ọmọ sì ń fojú rí i. Bí wọ́n bá ti dúró, ẹ so wọ́n: "mu omi", "bọ́ bàtà", "omi tán".

Ẹ fetí sí ohùn rẹ̀ o. Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá máa ń tètè mú dò-re-mí ọ̀rọ̀, nígbà tí kọ́ńsónáǹtì ṣì ń sọnù. Bó bá ní "a-á" tó sì ń wo ajá, ọ̀rọ̀ nìyẹn. "À-à" ni bàtà. Olùtọ́jú tí kò gbọ́ Yorùbá á gbọ́ méjèèjì bí ariwo kan náà, torí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ìyá Ọmọ, Manchester
Ẹ ṣeun gan-an mà. Tá a bá ní kó sọ "omi", ṣe ló máa ń pa ẹnu dé, á wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí la ń ṣe tí kò dáa?

Àǹtí Speech, Leeds
Ìdánwò lẹ̀ ń fún un. "Kí nìyí? Sọ ọ́! Sọ pé omi!" Ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ náà á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún yín. Ẹ sọ gbólóhùn mẹ́rin tí kò béèrè nǹkan kan kẹ́ ẹ tó béèrè ẹyọ kan.

Dòdò ni kẹ́ ẹ fi ṣe é lálẹ́ òní. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jókòó kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ má gbé àwo fún un. Ẹ fún un lẹ́yọ kan, ẹ di ìyókù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, kó lè rí dòdò àti ẹnu yín pọ̀. Bó bá jẹ ẹ́ tán, ẹ dákẹ́. Ẹ wò ó lójú, kẹ́ ẹ ka 1 dé 10 nínú ọkàn yín. Ibí yìí ló ń nira fún òbí jù, wọn kì í ka 3 kí wọ́n tó fọhùn. Bó bá nawọ́, bó bá wò yín, bó bá ní "ẹ̀n", ẹ fún un kíá, kẹ́ ẹ sì bá a sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: "Fún mi. Fún mi ní dòdò." Ẹ má fi oúnjẹ dù ú dìgbà tó bá sọ ọ́, ẹkún ló máa dà. Lẹ́yìn ẹyọ mẹ́rin márùn-ún, ẹ gbé àwo náà fún un, ó ti tó.

Bó bá sọ "bà", ẹ ní "Bàtà. Bọ́ bàtà." Bó bá pe bàtà ní "tàtà", ẹ má sọ pé kò dáa. Ẹ kàn pè é dáadáa lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ yín, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ nígbà ìwẹ̀, 10 lálẹ́ nígbà oúnjẹ, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn.

A máa ń kọ́ ọmọ pé kó má tẹjú mọ́ àgbà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kó wo ẹnu yín títí tó fẹ́. Ẹ gbé e sórí itan lójúkojú, ẹ máa ki oríkì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró níbi tó máa ń rẹ́rìn-ín kó lè fi ohùn tirẹ̀ sí i. Fídíò orin ọmọdé kò lè ṣe èyí, torí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má kọjá wákàtí kan nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, bó bá kéré sí i, ó sàn.

Màmá Àgbà, Peckham
Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kúrú? Nílé, wọ́n á ní kí wọ́n gé e.

Àǹtí Speech, Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Okùn yẹn lè dí ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ láti mu ọmú, ó sì lè kan ìpè bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú kí ọmọ má ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kàn án.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Dublin
Ti akólòlò ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀, "mo-mo-mo-mo fẹ́".

Àǹtí Speech, Leeds
Láàárín ọdún méjì sí márùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, sà. Ẹ má sọ pé "mí kanlẹ̀" tàbí "fara balẹ̀", ẹ má sì bá a parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín ni kẹ́ ẹ fà sẹ́yìn: ẹ sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn, kẹ́ ẹ dáhùn ohun tó sọ, kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ fún òun nìkan, láìsí ẹ̀gbọ́n tó máa já ọ̀rọ̀ gbà. Bó bá ń ṣẹ́jú, tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, tàbí tí akólòlò wà nínú ẹbí, ẹ má dúró, ẹ mú un lọ.

Ìyá Ìbejì, Houston
Fún àwa ti Amẹ́ríkà: bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, Early Intervention ti ìpínlẹ̀ yín, ètò ìjọba tó ń ran ọmọ kékeré tí ìdàgbàsókè rẹ̀ ń falẹ̀ lọ́wọ́, lẹ máa pè. Òbí lè pè fúnra rẹ̀, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 45 láti ọjọ́ tí wọ́n bá gba orúkọ ọmọ láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì bá yín ṣèpàdé lórí ètò rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pè sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá pé mẹ́ta, ọwọ́ school district, àjọ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò yín, ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìyẹn ní oṣù mélòó kan ṣáájú.

Àǹtí Speech, Leeds
Ní England, ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ń jẹ́ kí òbí kọ orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí speech therapy (ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ) ti NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le débi EHC plan, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó nílò àfikún ìtọ́jú lẹ́nu ẹ̀kọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti sọ bóyá wọ́n máa ṣàyẹ̀wò, gbogbo ètò náà kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 20 lọ. Bí ọmọ bá ń pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, tí kì í nàka sí nǹkan, tí kì í sì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, kẹ́ ẹ má fi sí ìsàlẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa gbé dání lọ: èsì àyẹ̀wò etí, fídíò ìṣẹ́jú kan tó ti ń ṣeré nílé, àti ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òpó mẹ́ta: bó ṣe pè é, ohun tó ń tọ́ka sí, èdè wo. Ẹ béèrè fún ògbufọ̀, kí wọ́n lè yẹ Yorùbá rẹ̀ wò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tún sọ fún wọn pé Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò sì ní th. Bó bá pe "van" ní "fan" lọ́la, wọn kò ní kà á sí àìsàn.