Èsì: "Ìfeṣinṣinpẹja"? Ta ló pa ẹja níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo ti búra pé mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá lẹ́yìn ìjà tí a jà lórí ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀rọ ayélujára" tí àwọn kan ò tíì kí mi dòní, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìmọ̀ràn tí àbúrò wa kọ fún àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkun ilẹ̀ olóoru lọ fi ọ̀pá àti fláì (ìdẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìwọ̀) mú ẹja, tí mo sì rí "ìfeṣinṣinpẹja" tó fi túmọ̀ "fly fishing" lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún (mo kà á), ara mi ò gbà á mọ́.

Kí n kọ́kọ́ yìn ín ná. Ó gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pariwo níbí, a ò kọ ojú ìwé kan rí lórí ohunkóhun tó ju àríwísí lọ, èmi gan-an wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kí ni eṣinṣin ń wá nínú òkun? Eṣinṣin ò mọkú, jíjẹ ni tiẹ̀: bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹja ni òwe yẹn ń bá wí, kì í ṣe ìdẹ! Òótọ́ ni pé lára kòkòrò tó ń fò lórí odò olómi dídùn ni orúkọ òyìnbó ọ̀hún, "fly", ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń so ìyẹ́ àti irun mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò. Nígbà tí wọ́n gbé e dé inú omi iyọ̀, kòkòrò ti tán níbẹ̀. Edé ni, akàn ni, ẹja kéékèèké ni. Ẹ wo Crazy Charlie, fláì kan tí gbogbo ẹni tó ń lọ mú bonefish (ẹja òkun kan) máa ń kó sínú àpótí. Bob Nauheim ló so ó ní Andros, ní Bahamas, orúkọ Charlie Smith tó jẹ́ amọ̀nà níbẹ̀ ló fi sọ ọ́, edé ló sì fara jọ. Ojú irin tó wúwo díẹ̀ ló ní kó lè rì, ẹnu ìwọ̀ á wá kọjú sókè kó má baà kọ́ ilẹ̀. Èwo ni eṣinṣin nínú ẹ̀?

Mo lè gbójú fo eṣinṣin o. "Pa" yẹn ni mi ò lè gbójú fò.

Ẹ̀gbọ́n wa tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní gírámà kí ọ̀pọ̀ wa tó mọ ìwé kà, dáhùn lánàá pé "pa" kì í ṣe kí a gba ẹ̀mí nìkan, pé a ń pàlọ́, a ń pòwe, a ń pàṣẹ, a ń pawó, kò sì sí ẹni tó kú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó: àlọ́ ò mí, òwe ò mí, owó ò mí. Ẹ fi "pa" síwájú ohun tó ń mí ká wò ó. Pa ewúrẹ́. Pa ejò. Pa eku. Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ "ó pa ewúrẹ́" rí kó wá béèrè pé ṣé ewúrẹ́ ọ̀hún ṣì ń jẹko? Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé "pa á lẹ́rìn-ín" wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó tẹ̀lé e ló gbà á sílẹ̀, ẹ yọ "lẹ́rìn-ín" kúrò kí ẹ rí ohun tí ọlọ́pàá máa bi yín.

Bàbá tó bí bàbá mi, apẹja ni wọ́n. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń jẹun. Tí ẹja bá ṣì ń jà nínú àwọ̀n, "mo mú u" ni wọ́n máa ń wí. Tó bá bọ́, "ó já mọ́ mi lọ́wọ́." Ìgbà tó bá wọ inú ọkọ̀ tí kò mi ìrù mọ́ ni wọ́n tó máa sọ pé "mo rí ẹja pa lónìí." Bàbá ò lọ yunifásítì o, àmọ́ mi ò gbọ́ kí wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lò rí, àwa tí a lọ la wá ń ṣì í.

Nísinsìnyí, àwọn tí àbúrò wa ń kọ̀wé fún, kí ni wọ́n ń lọ ṣe? Wọ́n ń lọ mú ẹja kí wọ́n tú u sílẹ̀ ni! Láti 2009 ni òfin orílẹ̀-èdè Belize ti sọ pé bonefish, permit àti tarpon, ẹja òkun mẹ́ta yẹn, ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú wọn gbọ́dọ̀ dá wọn padà sómi. Ẹ tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kó lè tètè yọ, ẹ rẹ ọwọ́ yín sómi kí ẹ tó fọwọ́ kan ara ẹja kí yíyọ̀ ara ẹ̀ má baà ṣí, ẹ má gbé e sókè pẹ́ torí fọ́tò, ẹ sì wo ẹ̀yìn yín torí àkurákudà máa ń tẹ̀lé ẹja tó bá ti rẹ̀. Ẹni tó ṣe gbogbo wàhálà yìí kí ẹja lè yè la wá ń pè ní apẹja? Ní Belize, ẹni tó bá jẹ́ orúkọ yẹn tó sì hu ìwà ẹ̀ sí ẹja mẹ́ta yẹn ti rúfin.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ti wà nílẹ̀. "Dẹ." Ohùn àárín, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Inú ẹ̀ ni ọdẹ ti wá, inú ẹ̀ ni ìdẹ ti wá, inú ẹ̀ náà ni ìdẹwò tí a ń gbàdúrà kí a má bọ́ sí ti wá. Àbúrò wa sì fẹ́ bá mi jà lórí èyí, torí "ìdè" ló kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: "ẹ so ìdè yín mọ́ orí okùn", "ẹ kó ìdè oríṣiríṣi dání". Ẹni tó bá kà á á rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n là ń lọ.

Ẹni tó bá sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ní bá mi jiyàn pé iṣẹ́ ọdẹ ni. Omi ò ju orúnkún lọ. Oòrùn wà lẹ́yìn yín, dígí dúdú tó ń pa ìtànṣán orí omi wà lójú yín (ẹ̀gbọ́n, èyí "pa" o, ìtànṣán ò mí). Ẹ ò kàn ju nǹkan sómi kí ẹ wá jókòó, ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹja yẹn fúnra yín kí ẹ tó ju ohunkóhun sí i. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ni, amọ̀nà á dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó fi ń ti ọkọ̀ jẹ́jẹ́, á ní "aago mọ́kànlá, ẹsẹ̀ bàtà 40," imú ọkọ̀ ni aago méjìlá, ẹ ò sì ní ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ kí ẹja tó lọ. Ẹ sọ fún mi ibi tí èyí gbà yàtọ̀ sí ọdẹ.

Ẹ tún wo "fi" tó wà níwájú "eṣinṣin". "Fi" ń sọ ohun èlò fún wa. Nínú ìwọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, òjé tó wà lẹ́nu okùn ló ń fa okùn lọ. Nínú eléyìí, okùn ló wúwo, òun ló ń gbé ìdẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jù ú síwá sẹ́yìn lókè bí ẹni ń na pàṣán. Okùn ni irinṣẹ́. Nítorí náà èmi dábàá ÌFOKÙNDẸJA. Bí ẹ bá gé e kúrú, á di ìdẹkùn, tó dùn létí gan-an, àmọ́ gbogbo wa la ti ń fi àdúrà já ìdẹkùn ọ̀tá láti kékeré, ẹ ò sì lè máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ síbi ìdẹkùn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní ìwọ̀ wo ni kò ní okùn. Mo gbọ́. Kó mú tiẹ̀ wá.

Àǹtí wa tó ní ẹni tó bá kọ "fláì" ti ta èdè bàbá ẹ̀, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọ̀kan nínú ibi tí àwọn ènìyàn yìí ń lọ. Erékùṣù kan wà ní Pàsífíìkì tó ń jẹ́ Kiritimati. Ẹ kà á dáadáa. Kérésìmesì ni! Èdè wọn ò ní lẹ́tà s, "ti" ni wọ́n fi ń kọ ohùn yẹn, orúkọ orílẹ̀-èdè wọn gan-an, Kiribati, "Gilberts" ni wọ́n sọ di tiwọn. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n ta èdè bàbá wọn. Àwa náà gba búrẹ́dì, a gba búlọ́ọ̀kù, kí ló wá dé tí a ò lè gba fúláì? (Fúláì o, kì í ṣe fíláì, ètè ló ń pe f, "u" ló sì máa ń tẹ̀lé ètè. Ẹni tó ń kọ fíláì lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ ara ẹ̀.)

Àti pé àbúrò, bí o ṣe túmọ̀ Kiritimati padà sí "Erékùṣù Kérésìmesì" yẹn léwu. Òmíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Òkun Íńdíà, ti Ọsirélíà ni. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ rẹ wá bàálù, òkun mìíràn ló máa bá ara ẹ̀.

Ní ti orúkọ ẹja. "Ẹja ìwé-àṣẹ" fún permit, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Nínú ìpínrọ̀ kan náà lo ti ń sọ fún wọn pé láti 2017 ni Bahamas ti ní kí àlejò gba ìwé-àṣẹ kó tó ju ìwọ̀ sí ibi tí omi ò jìn. Ṣé wọ́n máa gba ìwé-àṣẹ kí wọ́n lè lọ mú ìwé-àṣẹ ni? Tarpon ní tiẹ̀, o ò yẹ kó o sọ ọ́ lórúkọ rárá. Ẹja yẹn wà ní etíkun Áfíríkà láti Senegal dé Àǹgólà, ó tóbi, ó ń yọrí sókè gba afẹ́fẹ́ sínú bí ènìyàn. Ẹja tó ń ṣe báyìí lójú apẹja, ṣé ẹ rò pé kò tíì lórúkọ? Ẹ lọ bi àwọn tó ń wọ òkun kí ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà máa sọmọ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n "eja egungun" tí o kọ fún bonefish láì fi àmì sí i, mo fẹ́ kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kà á sí egúngún, wọ́n fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ àwọn tó ń lé ẹja yẹn máa ń pè é ní iwin. Ara ẹ̀ dà bíi dígí, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ lò ń rí, òjìji ẹ̀ ló máa ń tú u fó. Ará ọ̀run ni jàre! Àṣìṣe yẹn sàn ju èyí tó tọ́ lọ.

Àwọn tó kù ni mi ò lè fi ṣeré, torí ẹlòmíràn máa fi ṣètò ìrìn àjò. "Ìgbì" tí o kọ yẹn kì í ṣe omi tó ń kún tó ń fà. Bí omi bá ń kún ni bonefish ń wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ibi tí omi ò jìn, wá jẹun, tí ìrù wọn á máa yọ sókè, ẹni tó bá wá ń dúró de ìgbì á dúró pẹ́ (mo sì fara mọ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ju "pápá òkun" tí o kọ lọ, torí "tẹ́" wà nínú ẹ̀). "Ẹ má lọ lásìkò òjò" náà kò tọ́. Òjò kọ́ ni. Ní ìhà Bahamas àti Belize, ìjì ńlá ló ni oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kọkànlá. Ní Seychelles, afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìlà-oòrùn wá láti nǹkan bí oṣù karùn-ún dé ìkẹsàn-án ló ń lé àwọn ènìyàn kúrò ní erékùṣù jíjìnnà bíi Cosmoledo. Ojú lè mọ́ kedere kí oòrùn sì máa ràn, kí okùn yín má sì lè lọ síbì kankan.

Ẹ̀gbọ́n, ti "adìyẹ pamọ" tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo rí i. Ọmọ ń mí, òótọ́ ni. Mo ṣì gbà pé ẹyin ló pa, kì í ṣe ọmọ, ẹ fún mi láyè kí n ronú sí i.

Àbúrò, jọ̀ọ́, kó tó di òwúrọ̀ ọ̀la, yọ "ọ̀pá kílò mẹ́jọ fún eja egungun, kílò méjìlá fún tarpon" kúrò. Nọ́ńbà okùn ni 8 àti 12 yẹn, ìpele bí okùn ṣe wúwo tó ló ń sọ, kì í ṣe kílò. Ọ̀pá ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò tó ìdajì kílò. Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi pé apá wo ló fẹ́ fi gbé e.