Ẹ̀rọ ti dé, síbẹ̀ iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa kò yá

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Mo kí gbogbo yín. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni mí ní Ìbàdàn. Ó ti pé ọdún kan tí a ti ra kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣírò owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó, síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ yáwó ṣì ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí owó bá wọlé, akápò yóò kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ ẹgbẹ́, yóò tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, lẹ́yìn náà ni èmi yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí oṣù bá sì parí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bára mu. Níbo ni a ti ṣe àṣìṣe?

Oníṣirò:
Iṣẹ́ ni ẹ fi kún iṣẹ́, ẹ kò yọ ọ̀kankan kúrò. Nígbà tí iná mànàmáná dé àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn kàn gbé mọ́tò iná ńlá kan sí ipò ẹ́ńjìnnì tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀pá gígùn àti bẹ́líìtì tí ń yí gbogbo ẹ̀rọ yòókù sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ìgbà tí wọ́n fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò tirẹ̀, tí wọ́n sì tún inú ilé iṣẹ́ tò, ni èrè rẹ̀ tó hàn dáadáa, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 1920. Paul David, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé kan, ló ṣàlàyé èyí lọ́dún 1990, nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè irú ìbéèrè yín yìí nípa kọ̀ǹpútà. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ lè pa tì?

Òṣìṣẹ́ Báǹkì Tẹ́lẹ̀:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má pa gbogbo ìwé tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, tí gbogbo ìlú ya sórí fífi fóònù sanwó, owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ní ẹ̀ka tiwa, ẹni tí ó tọ́jú ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀ ni a ń tètè rí ojútùú fún. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, ìgbà wo ni ó sì ń fọwọ́ sí i?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ìgbìmọ̀ ni, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù nìkan ni wọ́n sì ń jókòó. Bí oníduúró méjèèjì tilẹ̀ ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láti ọjọ́ kẹta oṣù, inú dúrọ́ọ̀ mi ni yóò wà títí di ọjọ́ náà. N kò kà á sí ìdádúró rí. N óò bẹ alága kí wọ́n máa jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ti káàdì, ìyá kan tí ń ta gààrí wà láàárín wa, tí kì í kúrò níwájú akápò àfi bí ó bá fi ìka tọ iye owó rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò ní gba káàdì lọ́wọ́ irú wọn. Ìwé ńlá ni a óò pa tì.