Ìmọ̀ràn: kí la máa ṣe kí ọ̀dọ́ lè jókòó ti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù wa?

ỌmọKámẹ́rà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ poli ni wá ní Ìbàdàn, àwa mẹ́rin. Olùkọ́ wa ní ká ya ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ nínú fíìmù amáyàjá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní thriller, ká sì sọ àwọn tí a torí wọn yà á. A ní ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15 sí 25 ni.

Ìtàn náà rèé: ọmọbìnrin kan ń dá kàwé lóru ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, jẹnẹrétọ̀ kú. Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ fóònù ọ̀rẹ́ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ̀, wọ́n ti pa fóònù náà.

Lánàá a fi han èèyàn mẹ́jọ. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí àwọn mẹ́ta ti ń tẹ fóònù tiwọn. Ọ̀kan ní, "Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?" Ojú tì mí. Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Kí ló wà nínú ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ yẹn?

ỌmọKámẹ́rà
Ẹ ṣé mà. Orúkọ wa ni, pẹ̀lú orin, ó gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 35. Lẹ́yìn náà la wá fi géètì hàn, ká tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ yàrá.

Ìyá Ìbejì
Háà! Orúkọ fún ìṣẹ́jú àáyá 35! Ṣé oríkì ni? Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ yín? Inú yàrá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣí ìwé, kí orúkọ kan yọ nígun. Bó ṣe ń bu gààrí mu, kí òmíràn yọ. Ẹ yọ géètì kúrò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá, kò lè bà wọ́n lẹ́rù.

Elétí Ọfẹ
Ohùn niṣẹ́ mi. Ẹ yọ orin náà dànù pẹ̀lú, jẹnẹrétọ̀ yín ju orin lọ. Gbogbo ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì ló mọ bó ṣe máa ń kú: á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gílóòbù á ṣẹ́jú, fáànù á máa fà títí á fi dúró. Ìgbà yẹn lèèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ̀fọn.

Inú yàrá ni kí ẹ ti gba ohùn jẹnẹrétọ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé pípadé; ẹ má gbé fóònù lọ sẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dún lábẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí òǹwòran á fi gbàgbé pé ó ń dún. Tó bá wá kú, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sílẹ̀ lófo. Kí fóònù náà má sì kọrin o. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n lórí tábìlì.

Alákòóso Èrò
Àròyé lásán. Ẹ wá òṣèré olókìkí kan fi síbẹ̀, ojú tí wọ́n mọ̀ ló ń pe èrò.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀? Owó bẹntiróò gan-an ni wọ́n ń dá jọ.

Bàbá London
Ọmọ mi obìnrin ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tó wà ní A-level, ìpele tó ṣáájú yunifásítì, níbí. Wọ́n ní kó ṣàlàyé bó ṣe fa òǹwòran rẹ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ló ti ká a lẹ́nu. Ọmọ ọdún 15 ṣì ń gba àṣẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ti 25 ti lè jẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló padà mú: ọmọ ọdún 17 tó ń wo fíìmù lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó bá ń lọ sílé. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà tó yé e.

Tí ẹ bá máa fi ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ ṣọ́ra. BBFC, àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wo fíìmù níbí, ní àmì 15 àti 18; NFVCB tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ yín náà ní àmì méjèèjì. Tí ẹ bá da ẹ̀jẹ̀ bolẹ̀ tó fi bọ́ sí 18, ẹ ti lé lára àwọn tí ẹ ń pè.

Àgbà Sinimá
Ṣé ẹ fi ẹni tó ń dẹ́rù bà á hàn?

ỌmọKámẹ́rà
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọkùnrin oníbòjú kan yọ lẹ́nu ọ̀nà.

Àgbà Sinimá
Ẹ yọ ọ́. Nínú Jaws, fíìmù ẹja apànìyàn tí Spielberg ṣe ní 1975, ọmọbìnrin kan ń lúwẹ̀ẹ́ lóru ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan fà á látìsàlẹ̀, ó tán. A ò rí ẹja kankan. Ó lé ní wákàtí kan ká tó rí i dáadáa. Ẹja onírin tí wọ́n ṣe máa ń dẹnu kọlẹ̀ nínú omi iyọ̀ ni, wọ́n wá ń yà á láìsí ẹja. Ẹ̀yin náà, ẹ kàn fi sílípáàsì ọ̀rẹ́ yẹn hàn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Dátà
Ojú ọ̀sán ni kí ẹ ti wò ó lórí fóònù kékeré. Òkùnkùn tó dùn lórí kọ̀ǹpútà lè di dúdú lásán níbẹ̀. Ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá 20 sórí WhatsApp status, kó parí gẹ́lẹ́ bí fóònù ṣe ń gbọ̀n, kẹ́ ẹ wá fi líǹkì YouTube sí i. YouTube á fi ìlà kan hàn yín tó ń sọ iye àwọn tó ṣì ń wò ó, ibi tó ti já wálẹ̀ ni òǹwòran ti sá. Kí ọmọ náà sì sọ̀rọ̀ bí ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, Yorùbá tó lú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ dákun, kó má sọ Gẹ̀ẹ́sì oníròyìn.

ỌmọKámẹ́rà
Mo ti dé o. A gé e kù sí ìṣẹ́jú kan àti àáyá 40. A wá èèyàn márùn-ún tí kò wo tàkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó tẹ fóònù. Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe kú, ọmọbìnrin kan ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga. Ẹ̀gbọ́n Elétí Ọfẹ, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín! Ṣùgbọ́n ẹni méjì rò pé sílípáàsì ọmọ tó ń kàwé ni. Lálẹ́ òní a máa tún un yà: a ti so òwú pupa mọ́ ọn, a máa kọ́kọ́ fi hàn lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ náà nínú fọ́tò lára ògiri.

Elétí Ọfẹ
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ rọ bẹntiróò kún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, kó má lọ kú fún yín lóòótọ́.