Ọ̀gá mi fẹ́ mọ orúkọ àwọn oníbúrẹ́dì tó sọ òótọ́ fún mi. Kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé_Ọ̀bàIlé kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni oorun ò ti kùn mí dáadáa. Mo mọ̀ pé tíṣà wà níbí, oníṣòwò náà wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àkáǹtì ni mò ń ṣe nílé búrẹ́dì kan ní Àkúrẹ́ níbí (ẹ má bi mí èwo), mo sì ń lọ sí kíláàsì másítà lọ́jọ́ Sátidé. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, àwọn ìyá tó ń ra búrẹ́dì wa tà ń dín kù. Ọ̀gá mi wá ní kí n lọ wádìí ohun tó fà á, òun á fún mi lówó ọkọ̀, kí n sì fi ṣe project mi. Inú mi dùn débi pé mo ra mínírà fún gbogbo ọ́fíìsì.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ìbéèrè àkọ́kọ́: "Ṣé ẹ gbádùn búrẹ́dì wa tó rọ̀, tó sì dùn ju ti àwọn yòókù lọ?" Mo wọ épúrọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́, mo gba Ọjà Ọba lọ. Ogún obìnrin ni mo bi, ogún "bẹ́ẹ̀ ni" ni mo gbà. Ọ̀kan tiẹ̀ ṣàdúrà ọkọ rere fún mi. Mo ti ń lọ ni mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó ń fa búrẹ́dì ilé iṣẹ́ mìíràn jáde lábẹ́ tábìlì.

Mo da fọ́ọ̀mù ogún yẹn nù. Lọ́sẹ̀ kejì, mo wọ bùbá àti ìró, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, òótọ́ sì ni. N ò béèrè bóyá ó dùn. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe gba búrẹ́dì láàárọ̀ àná." Ẹ̀yin ará, ẹnu là! Ní Ọjà Ọba o, ní Ìsinkàn o, títí dé ẹ̀bá géètì FUTA. Ènìyàn 41 ni mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Búrẹ́dì ò ṣe nǹkan kan. Dírẹ́bà tó ń gbé e kiri ni. Kéréètì tó yẹ kó jẹ́ 20, 19 ló máa já sílẹ̀. Ó ń gba 200 náírà "owó epo" kó tó sọ ẹrù. Ẹni tó bá yarí, á da búrẹ́dì àná mọ́ tirẹ̀, tàbí kó gbé e dé ní aago mẹ́sàn-án, nígbà tí àwọn tó ń rà fọ́mọ iléèwé ti lọ.

Mo ti ṣèlérí fún wọn pé orúkọ wọn ò ní jáde. Nọ́ńbà ni mo kọ sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, 1 dé 41. Bébà tó ní orúkọ àti fóònù wọn wà nínú Bíbélì ìyá mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá ka èsì tán, ó na ọwọ́: "Gbé ìwé orúkọ wá. Èmi ni mo san owó ọkọ̀." Ó fẹ́ pè wọ́n wá sọ ọ́ lójú dírẹ́bà. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un: ọmọ àbúrò ìyá ọ̀gá ni dírẹ́bà yẹn.

Ìṣòro kejì: súpávísọ̀ mi ní 41 ò tó. Àwọn oníbàárà tó wà nínú ìwé wa jẹ́ 312, ó ní kí n ṣe Yamane (ìṣirò iye ènìyàn tó yẹ kí a bi), ó ní 175 ni òun fẹ́ rí. Ọmọ kíláàsì mi kan mọ ọmọkùnrin kan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ń bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù kún. Ó ní ó mọ iṣẹ́ náà gan-an, ó máa ń lo bírò búlúù, á tún lo dúdú, kó má baà jọ ọwọ́ ẹnì kan.

Ṣé ọ̀gá ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ wọ̀nyẹn? Ṣé kí n gbà fún ọmọ yẹn?

Ọmọ_Ọjà kọ:

Àǹtí, ẹ fún un lórúkọ jàre. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ló ní iṣẹ́. Ṣé àwọn ìyá yẹn ló ń san owó oṣù yín ni? Ti fọ́ọ̀mù yẹn, kò sẹ́ni tí kò ṣe é. Èmi náà ṣe é, mo sì gba sabuké mi.

TíṣàÀgbà_Ìjàpọ̀ kọ:

Ọmọ_Ọjà, àánú ẹni tó fún ọ ní sabuké ń ṣe mí.

Akọ̀wé, ọmọ mi, kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà ìwádìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Fọ́ọ̀mù bírò búlúù àti dúdú yẹn, a máa ń mọ̀ ọ́n. Ènìyàn gidi á fo ìbéèrè kan, á fàlà síbi tí kò yẹ, epo á kan bébà. Èyí tí wọ́n bá jókòó kọ nínú yàrá máa ń mọ́ jù. Má bá a lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ wí díẹ̀ kí n tó gbè ọ́. O ní o sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. Ṣé o sọ fún wọn pé ilé búrẹ́dì yẹn ló ń san owó ọkọ̀ rẹ? O ò kọ ọ́ síbí, mo sì fura pé o ò sọ ọ́ lọ́jà. Níbẹ̀ lẹsẹ̀ ti yọ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè ò tíì pé nígbà yẹn. Kí ènìyàn la ẹnu sọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni ìyọ̀ǹda. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó rán ọ, ohun tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ òun ṣe, ẹni tó máa kà á, kó sì mọ̀ pé òun lè ní òun ò ṣe mọ́. Épúrọ́ọ̀nù tí o bọ́ sílẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ òótọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sọ òótọ́ wọn di gbèsè sí ọ lọ́rùn.

Wọn ò dédé gbé òfin ìwádìí kalẹ̀. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, láti 1932 títí di 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ń wo ọkùnrin dúdú 399 tó ní syphilis, wọ́n ń wo bí àrùn náà ṣe ń jẹ wọ́n. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an fún wọn, wọn ò sì fún wọn ní penicillin nígbà tó ti di oògùn tí gbogbo ènìyàn fi ń wò ó. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ àti owó ìsìnkú ni wọ́n fi fà wọ́n mọ́ra. Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí ìwé Belmont tó jáde ní 1979: bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, má pa á lára, má di ẹrù ìwádìí lé àwọn kan lórí kí àwọn mìíràn wá máa jẹ èrè rẹ̀. O lè ní búrẹ́dì ni tìrẹ, kì í ṣe oògùn. Obìnrin tí dírẹ́bà bá mọ orúkọ rẹ̀, ta ni yóò já búrẹ́dì fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì?

Òfin ààbò dátà sì wà nílẹ̀ wa láti 2023, Nigeria Data Protection Act. Ohun tí o torí rẹ̀ gba orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn ni kí o fi ṣe, o ò gbọdọ̀ gbé e gba ọ̀nà mìíràn tí kò bá a mu. N ò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé owó ọkọ̀ lè ra ìlérí padà. Má sì rò pé bí o bá ti fa orúkọ rẹ́, ó parí. Bí o bá kọ ọ́ pé "obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin lẹ́bàá géètì ààfin, tó ti ń bá wa ṣòwò láti ọdún mẹ́sàn-án", ta ni kò ní mọ̀ ọ́n ní Àkúrẹ́ yìí? Orúkọ nìkan lo yọ, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lọ padà ka èsì tí o ti fún ọ̀gá rẹ.

Ó ku 175. Ìṣirò súpávísọ̀ rẹ tọ̀nà: bí a bá fi Yamane ṣe 312, 175 ló máa já sí. Àmọ́ níbo ni 312 ti wá? Inú ìwé ilé búrẹ́dì, àwọn tó ṣì ń rà. Ìdí tí àwọn kan fi lọ lo ń wá. Àwọn tó lọ dà? Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest fi ìwé ìdìbò àfiṣeré ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn ní Amẹ́ríkà, àwọn tó dáhùn lé ní mílíọ̀nù méjì. Wọ́n ní Landon ló máa wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Roosevelt tó ń bá a du ipò náà ló wọlé, ó gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé fóònù àti orúkọ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú orúkọ wọn jọ, lásìkò tí ọ̀dá owó mú gbogbo ìlú. Mílíọ̀nù méjì o! Ọ̀gọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n yàn dáadáa ì bá sàn jù ú lọ. Wá èèyàn mẹ́wàá tó ti fi yín sílẹ̀, kí o jókòó tì wọ́n bí o ṣe jókòó ti àwọn tó kù. Nígbà tí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ tuntun ò jáde mọ́, ó ti tó. Sọ fún súpávísọ̀ rẹ pé irú ìwádìí ìjókòó-sọ̀rọ̀ lo ṣe, ìṣirò Yamane ò sí fún un.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá gbé kóńgò wọ kíláàsì. Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, fi wọn ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹwàá, iye kan náà ni. Kì í yí ohùn padà. Síbẹ̀ ó ń rẹ́ni jẹ. Ogún "bẹ́ẹ̀ ni" tí o kọ́kọ́ gbà, kóńgò yẹn ni.

Ní ti ọ̀gá, bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìwádìí náà tún ṣe. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì tó ń sọnù lójú ọ̀nà, kó kà á nígbà tó bá ń jáde, kí ẹlòmíràn tún kà á nígbà tó bá balẹ̀. Iye búrẹ́dì ló máa bá dírẹ́bà wíjọ́, kò sí ìyá kankan tó ní láti la ẹnu.

ỌmọẸkìmọ̀gún kọ:

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ bàbá. Ní Oǹdó níbí, àwọn kan wá bá bàbá mi lóko kòkó pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ìwádìí ni. Bàbá sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ní òun gbọ́ pé wọ́n ń ba òun lórúkọ jẹ́, kò rà á mọ́ lọ́dún yẹn. Láti ìgbà yẹn, ohun yòówù kí wọ́n bi bàbá mi, "Ó dáa" ni yóò fi dáhùn. Wọ́n wá bi í nípa omi ẹ̀rọ tí a ò ní, ó ní ó dáa.

Akọ̀wé_Ọ̀bàIlé kọ:

Ẹ ṣeun sà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, ara mi bù máṣọ. N ò sọ fún wọn lóòótọ́. Mo ti ń ṣe é bíi pé ọgbọ́n ni.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ méjì, mo padà lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ẹni tó rán mi, mo ní ẹni tó bá fẹ́ kí n yọ tòun kúrò, mo máa yọ ọ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ìyá nọ́ńbà 17 ní Ìsinkàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "A ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ìwọ ọmọ yìí. Orúkọ ilé búrẹ́dì yín wà lára báàgì tí o gbé." Báàgì ọdún tuntun tí wọ́n pín fún wa ni mo gbé wọjà! Ó ní ìdí tí òun fi sọ ọ́ nìyẹn, kó lè dé etí ọ̀gá.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn o. Àwọn mẹ́ta ní kí n yọ tàwọn. Nọ́ńbà 8 ò tiẹ̀ dá mi lóhùn, ó kọjú sí oníbàárà rẹ̀, ó ń kó ṣéńjì fún un. Mo dúró títí, mo wá kúrò níbẹ̀. Mo fi tirẹ̀ kún àwọn tí mo yọ. 37 ló kù. Mo ti rí mẹ́fà nínú àwọn tó fi wá sílẹ̀, mo ṣì ń wá àwọn yòókù. Èsì tí mo fún ọ̀gá, mo gbà á padà, mo ní mo fẹ́ tún un tẹ̀. Ibi mẹ́rin ni mo ti rí ohun tó tọ́ka sí ènìyàn láì dárúkọ.

Mo sọ fún ọ̀gá pé n ò ní fún un lórúkọ, mo sì sọ ti kíka búrẹ́dì fún un. Kò bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn, ó kan ń kí mi láti òkèèrè. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo dé ibi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀, mo bá a lẹ́nu géètì, ó bẹ̀rẹ̀ sórí kéréètì, ó ń ka búrẹ́dì fúnra rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń ríran. Dírẹ́bà dúró tì í, ó kó ọwọ́ sápò.

Ọmọ_Ọjà kọ:

Àǹtí, mélòó ló kà?